Mo mú Màámi lọ sí mùsíọ́ọ̀mù dígí ní Tacoma. Kí là ń kí ẹni tó ń fẹ́ dígí?

Ìyá Ìbejì Tacoma

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè ni mo bá wá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ròyìn kó lè yé yín.

Màámi wà lọ́dọ̀ wa láti oṣù kẹfà. Ọmọ Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n, agboolé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí wọn sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn tà. Ẹni tó bá ti mú òbí wá sí Amẹ́ríkà rí á mọ bó ṣe máa ń rí. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, gbogbo nǹkan ló ń dùn mọ́ wọn. Tó bá fi máa pé oṣù kan, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa padà sílé, torí wọ́n lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀ dalẹ́ kí ẹnikẹ́ni má kí wọn. Mo ti mú wọn dé ọjà, mo ti mú wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mú wọn lọ sétí òkun, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi, wọ́n ní òkun wo ló ń tutù báyìí.

Bá a ṣe dé Museum of Glass nìyẹn, ní Sátidé tó kọjá. Létí omi láàárín ìlú Tacoma níbí ló wà. Ọdún kẹfà rèé tí mò ń gbé ìlú yìí, mò ń rí òrùlé ẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀ tí mo bá ń bọ̀ látibi iṣẹ́ alẹ́, mi ò wọ ibẹ̀ rí. Òrùlé ọ̀hún dà bí àrọ tí a fi ń rọ epo, tí ẹnì kan wá dojú ẹ̀ dé, tó sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Irin tó ń dán ni wọ́n fi bò ó, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 90.

Mo sọ fún Màámi pé mùsíọ́ọ̀mù la ń lọ, wọ́n ní èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ní Ifẹ̀ ńkọ́, pé àwọn ti rí nǹkan àtijọ́ tó. Mo ní kì í ṣe nǹkan àtijọ́ mà, àwọn tó ṣe é ṣì wà láyé, dígí ni wọ́n fi ṣe gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní dígí tí a fi ń wojú? Mo ní rárá, dígí bíi ti ìgò. "Ìgò! A fẹ́ sanwó lọ wo ìgò!"

Ẹ gbọ́, mùsíọ́ọ̀mù náà ò tóbi. Yàrá ìpàtẹ tó wà níbẹ̀ ò pọ̀, a rìn ín tán láàárín wákàtí kan, Màámi sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ìdajì àkókò yẹn. Wọ́n wo abọ́ kan tó tóbi tó agbada adákàrà, àwọ̀ ọsàn tó ń di pupa létí. Wọ́n ní ó dáa, kí ni wọ́n ń bù sínú ẹ̀? Mo ní wọn kì í bu nǹkan kan sínú ẹ̀. Wọ́n mi orí.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dé ni abẹ́ òrùlé tó rí bí àrọ yẹn. Ibẹ̀ ni iléru wà. Wọ́n to àga bíi ti pápá ìṣeré, èèyàn á jókòó, àwọn òṣìṣẹ́ á wà nísàlẹ̀ níwájú iná, ẹnì kan á máa fi makirofóònù ṣàlàyé. Ooru ibẹ̀ bá yín lálejò láti ẹnu ọ̀nà. Màámi bọ́ súwẹ́tà, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bọ́ ọ nìyẹn láti oṣù kẹfà.

Obìnrin kan ni ọ̀gá wọn lọ́jọ́ náà. Ó ti ọ̀pá irin gígùn kan tó nihò bọ inú iléru, ó yí i, ó yí i, bí ẹni ń fi igi ká oyin. Nígbà tó fà á jáde, nǹkan pupa kan ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń ṣe bí ẹni fẹ́ ṣàn sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ dáwọ́ yíyí dúró. Bó bá gbójú kúrò lásán, ilẹ̀ ni nǹkan ọ̀hún ń lọ. Ó yí i lórí tábìlì irin, ó fẹnu sí ìdí ọ̀pá, ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, inú ẹ̀ wú. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ní apá irin méjì, ó na ọwọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ gbé nǹkan kan lé e lọ́wọ́, mo rò pé aṣọ ni. Ìwé ìròyìn ni! Ìwé ìròyìn tí wọ́n ká pọ̀ tí wọ́n rẹ sómi. Òun ló fi sí àtẹ́lẹwọ́ tó fi ń mọ dígí tó gbóná tó bẹ́ẹ̀, èéfín ń rú, òórùn bébà jíjó gba gbogbo ibẹ̀. Màámi ní, "Àní èyí tí a fi ń di àkàrà?"

Ni wọ́n bá dìde. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ké: "Àrọyè o!"

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ẹni tó mú makirofóònù béèrè ohun tí wọ́n sọ. Mo ní, ẹ má bínú, bí a ṣe ń kí alágbẹ̀dẹ nílé wa nìyẹn. Ó ní, ó dáa, kí ni alágbẹ̀dẹ máa fi dáhùn? Mo ní "Ògún á gbè ọ́." Ẹ wá gbọ́ bí òyìnbó márùn-ún ṣe ń pe Ògún! Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Màámi jókòó bí olorì.

Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, nǹkan ọ̀hún ti di ìkòkò aláwọ̀ búlúù tó lọ́rùn gígùn. Ó ku kí wọ́n kàn án kúrò lẹ́nu ọ̀pá. Wọ́n kàn án. Ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ láti gbà á, bóyá ọwọ́ ẹ̀ ti lọ jù ni o, bóyá ó pẹ́, ṣáà, a gbọ́ GBÀRÀ. Màámi káwọ́ lérí: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ẹ kú àdánù!" Obìnrin yẹn ń rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó mú ìgbálẹ̀. Ohun tó bí Màámi nínú jù nínú gbogbo ọjọ́ náà nìyẹn: kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín?

Nínú mọ́tò ni wọ́n ti wá dákẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Àṣìkí ni mo kí wọn. Irin kọ́ ni wọ́n ń rọ. Kí là ń kí ẹni tó ń fẹ́ dígí?"

Mi ò mọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?

Akin Surulere

Nígbà tí mo ka àkọlé, mo rò pé ẹnì kan fẹ́ gbé dígí níyàwó ni. 😂 Mo ní ayé ti bàjẹ́.

Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ ya fídíò ibi tí àwọn òyìnbó ti ń pe Ògún?

Ìyá Ìbejì Tacoma

Fóònù wà lọ́wọ́ Táyé, géèmù ló ń gbá. Ẹ má jẹ̀ẹ́ n rántí.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Ẹ bá mi kí Màmá gan-an. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ "Àrọyè" lẹ́nu èèyàn mọ. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, "Ẹ kú iṣẹ́" ni wọ́n fi ń kí gbogbo oníṣẹ́, bí ẹni da gbogbo ọbẹ̀ pọ̀ sínú ìkòkò kan. Aláró ní tiẹ̀: "Àrẹ̀dú o." Onídìrí ní tiẹ̀: "Ojú gbooro o." Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ń kí ní àrọyè, pé kó rọ ọ́ kó sì yè, torí iná ò mọ ọ̀gá.

Èmi ò gbà pé Màmá ṣìkí. Kí ló wà níbẹ̀ tí kò sí ní ilé alágbẹ̀dẹ? Iná wà, ẹ̀mú wà, ọmọ iṣẹ́ wà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹ̀dọ̀fóró ara wọn ni wọ́n fi ṣe ẹwìrì.

Délé Houston

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe ẹwìrì, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ìkíni náà má bá a mu. Ẹni tó ń fẹnu sí ìdí ọ̀pá, fífọn ló ń fọn ún, bí ẹni fọn fèrè. Tí a bá máa ṣe ìkíni tuntun, "Àfọnyè" ló yẹ kó jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n béèrè ohun tó kàn mí. Ìyá Ìbejì, èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín? Nítorí yàrá tí èèyàn rìn tán ní wákàtí kan, tó jẹ́ pé abọ́ tí wọn ò bu nǹkan sí ló wà níbẹ̀, mi ò lè gbé ìdílé mi lọ.

Ìyá Ìbejì Tacoma

Délé, tó bá jẹ́ yàrá ìpàtẹ nìkan lo lọ wò, owó ẹ á dùn ọ́, mi ò ní purọ́ fún ọ. Tó bá jẹ́ pé o jókòó síbi iná fún wákàtí méjì bíi tiwa, o jèrè. Bí wọ́n bá tún sọ pé wọn ò ṣiṣẹ́ nídìí iná lọ́jọ́ tó o fẹ́ lọ, má lọ lọ́jọ́ yẹn. Pè wọ́n kó o tó jáde nílé.

Mo gbàgbé láti sọ nípa àwọn ọmọ. Ètò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kids Design Glass. Ọmọ tí kò bá tíì ju ọdún 12 lọ lè ya àwòrán ohunkóhun tó bá wù ú. Àwọn oníṣẹ́ iná á mú ọ̀kan nínú ẹ̀, wọ́n á fi dígí ṣe é gẹ́lẹ́ bí ọmọ ṣe yà á. Bí ojú kan bá tóbi ju èkejì lọ nínú àwòrán, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe é. Méjì ni wọ́n máa ń ṣe: ọmọ á gbé ọ̀kan lọ sílé, mùsíọ́ọ̀mù á gbé ìkejì pa mọ́. Àwọn tó wà lórí àtẹ, ẹ̀rín ni. Ẹran tí ẹ ò lè mọ̀ bóyá ajá ni tàbí ẹja. Ibẹ̀ nìkan ni Màámi ti dìde lórí bẹ́ǹṣì láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n. Táyé ya dáńfó tó ní ìyẹ́, Kẹ́hìndé ya Màámi pẹ̀lú gèlè. A ti fi sílẹ̀ fún wọn.

Ṣadé Seattle

Àǹtí, ẹ ò dárúkọ afárá! Afárá tó kọjá lórí títì márosẹ̀ wá sí mùsíọ́ọ̀mù yẹn, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru. Àwọn tí owó ìwọlé ń dùn, ẹ lọ rìn ín. Ẹsẹ̀ bàtà 500 ni gígùn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbójú sókè níbì kan níbẹ̀, òrùlé ẹ̀ jẹ́ dígí, wọ́n wá kó oríṣiríṣi nǹkan aláwọ̀ mèremère sórí ẹ̀ bí ìkarahun inú òkun, 2,364 ni wọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìkòkò ńláńlá 109 wà nínú pẹpẹ, kò sí méjì tó jọra. Tí oòrùn bá ń wọ̀, ilẹ̀ tẹ́ ẹ ń tẹ̀ á pọ́n, á yọ́, á dúdú. Iṣẹ́ Dale Chihuly, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ dígí, ni; Tacoma ni wọ́n bí i sí ní 1941.

Àṣírí kan: ilé ìṣọ́ búlúù méjì tó dúró láàárín afárá, tí gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò níwájú ẹ̀, kì í ṣe dígí. Oríṣi ike kan ni. Ó dùn mí nígbà tí mo mọ̀.

Ohun kejì tó dùn mí: Chihuly ò fẹnu fẹ́ dígí láti 1979. Jàǹbá mọ́tò kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ojú òsì lọ́wọ́ ẹ̀ ní 1976, nígbà tó tún di 1979, apá ẹ̀ yẹ̀ léjìká níbi tó ti ń bá ìgbì òkun ṣeré. Láti ìgbà náà, ó ń yàwòrán, ó ń pàṣẹ, àwọn ẹlòmíì ló ń ṣe é. Orúkọ tiẹ̀ ló wà lára ẹ̀. Ṣé ó tọ́?

Akin Surulere

Àǹtí Ṣadé, ẹ wá sí Mushin. Ọ̀gá tó kọ́ ẹ̀gbọ́n mi níṣẹ́ télọ̀, ó tó ọdún mẹ́wàá tí kò ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ojú ló fi ń ránṣọ. Á jókòó sórí àga, á ní, "Tú ọrùn yẹn." Ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wọ aṣọ náà, orúkọ ọ̀gá ló máa dá.

Ṣadé Seattle

Ṣùgbọ́n ọ̀gá yẹn ò gbé aṣọ sínú mùsíọ́ọ̀mù kó ní òun lòun rán an.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Tó bá gbé e síbẹ̀ ńkọ́? Ṣadé, ọmọ mi, lọ sí British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, wàá rí ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, kò padà wálé mọ́. Ọlọ́wẹ̀ láwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń bá a gbẹ́gi, ó sì dájú pé ọwọ́ wọn wà lára ohun tó ń jáde lágbàlá ẹ̀. Orúkọ Ọlọ́wẹ̀ nìkan la mọ̀. Bí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe rí láyé nìyẹn, kì í ṣe òyìnbó ló dá a sílẹ̀.

Ohun tí mo lè bá Chihuly jà sí ni ike. Ẹni tí wọ́n mọ̀ sí dígí, kó má fi ike tan ọmọ aráyé jẹ lójú afárá.

Ṣadé Seattle

Ẹ ṣé sà. Mi ò tíì gbà, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́.

Ọmọ Olókun

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ ìwalẹ̀ ni mo ń kọ́ ní yunifásítì, mo sì ti ń dúró kí ẹnì kan dárúkọ ohun tó yẹ kí Ìyá Ìbejì fi dá Màmá lóhùn nígbà tí wọ́n ní "A fẹ́ sanwó lọ wo ìgò!" Ọmọ Ifẹ̀ mà ni wọ́n. Ifẹ̀ ṣe dígí!

Igbó Olókun ni, ní apá àríwá ìlú. Leo Frobenius ará Jámánì débẹ̀ ní 1910, ó rí ìkòkò amọ̀ tí dígí ti gan mọ́ nínú. Kò lè gbà pé àwa la ṣe é, ó ní àwọn ará ìlú kan tó rì sínú òkun ló kọ́ wa. Ẹ ṣáà máa fọkàn bá a lọ. Láàárín 2011 sí 2012, Abídèmí Babalọlá gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, èsì iṣẹ́ náà sì jáde ní 2017: ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000, àfọ́kù ìkòkò ìyọ́-dígí tó lé ní 800, àti pàǹtí dígí ní kílógíráàmù mélòó kan. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n yẹ èròjà ẹ̀ wò, ẹfun òkúta tó wà nínú ẹ̀ pọ̀, alumínà, èròjà kan tó máa ń wà nínú amọ̀, náà pọ̀, irú àpòpọ̀ tí wọn ò bá nínú dígí Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù. Ilé la ti pò ó, láti inú iyanrìn àti òkúta tiwa. Wọ́n ti rí irú ìlẹ̀kẹ̀ yẹn dé Gao ní ilẹ̀ Mali.

Búlúù ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè é: sẹ̀gi.

Délé Houston

Mo mọ̀ pé a máa débẹ̀. Gbogbo nǹkan, Ifẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe é.

Ọmọ Olókun

Ẹ̀gbọ́n Délé, ta ló sọ "kọ́kọ́"? Íjíbítì àti Mesopotámíà ti ń yọ́ dígí ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kí wọ́n tó bí Jésù. Mi ò bá wọn du ipò kìíní. Ohun tí mo sọ ni pé Ifẹ̀ ní àpòpọ̀ tirẹ̀.

Ẹ̀yin náà tilẹ̀ ṣẹ́gun níbì kan: kò sí ẹ̀rí pé àwọn ará Ifẹ̀ fẹ́ ìgò. Fífà ni wọ́n ń fa dígí. Wọ́n á fà á gùn bí okùn tó nihò nínú, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á tún fi iná pa ẹnu ẹ̀ kó má gé ọrùn ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Torí náà, bí ìkíni kan bá tilẹ̀ wà fún wọn tó ti sọnù, kò lè ní "fẹ́" tàbí "fọn" nínú.

Ìyá Ìbejì Tacoma

Mo ti ka ọ̀rọ̀ Ọmọ Olókun fún Màámi létí. Wọ́n gbọ́ ọ dé ìdí. Wọ́n wá sọ fún mi pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, tí òjò ńlá bá ti rọ̀ tán, àwọn máa ń rí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ nínú ẹrẹ̀ lójú àgbàrá, tí àwọn á sì fi okùn so ó. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé díẹ̀, wọn ò sọ ọ́ fún mi rí. Mo ní kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi ní mùsíọ́ọ̀mù? Wọ́n ní, "Ìyẹn, sẹ̀gi ni. O ní ìgò la fẹ́ lọ wò."

Ìyàwó Bida

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ bíi pé ó ti parí sínú ilẹ̀. Ọmọ Ọ̀ffà ni mí, Bida ni mo wà nílé ọkọ. Títí di òní, àwọn Masaga wà níbí, iṣẹ́ dígí ni ìdílé wọn ń ṣe. Wọ́n á kó ìgò tó ti ṣófo, ìgò ọtí, ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n á yọ́ ọ nínú iná, wọ́n á fi irin gígùn ká a, wọ́n á sì yí i di ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ẹ̀gbà ọwọ́. Wọ́n á jókòó yí iná ká nínú ilé roboto, ẹnì kan á máa fẹ́ ẹwìrì. Ìgò búráùn á di ìlẹ̀kẹ̀ búráùn, ìgò gíríìnì á di gíríìnì. Mo wọ ọ̀kan lọ síbi ìgbéyàwó ní Ìlọrin, wọ́n ń bi mí bóyá Dubai ni mo ti rà á. Mo ní rárá, ìgò bíà ni.

Nítorí náà, Délé, ẹwìrì wà nínú iṣẹ́ dígí. Àrọyè Màmá dúró.

Délé Houston

Ó dáa, mo ti gbé e sílẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ti Tacoma, tó jẹ́ ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é, Àfọnyè!

Akin Surulere

Ẹ̀gbọ́n, ọmọdé tó ń fi ẹnu kún bàlúùnù, ṣé ẹ máa ń sọ pé ó ń fọn bàlúùnù ni? Fífẹ́ ló ń fẹ́ ẹ. Èyí tó bá ń dún la máa ń fọn. Dígí yẹn ò dún.

Ìyá Ìbejì Tacoma

Ó dún nígbà tó fọ́. 😂

Àjàní Sunderland

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìjíròrò yìí ni, iṣẹ́ ò jẹ́ n ráyè. Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè Màmá tí gbogbo yín fò kọjá: kí ló ń pa obìnrin yẹn lẹ́rìn-ín?

Ìlú Sunderland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà. Ní 674, nígbà tí Benedict Biscop ń kọ́ ilé àwọn mọ́ńkì sí etí odò Wear níbí, kò sí ẹni tó mọ dígí í ṣe nítòsí, ó ránṣẹ́ lọ sí Gaul, ilẹ̀ Faransé òde òní, pé kí wọ́n wá bá òun ṣe fèrèsé. Ìdí tí wọ́n fi kọ́ National Glass Centre, ibùdó iṣẹ́ dígí, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn mọ́ńkì yẹn ní 1998 nìyẹn, dígí ni òrùlé ẹ̀, wọ́n sì ṣe é kí èèyàn lè rìn lórí ẹ̀. Ní oṣù kìíní 2023, yunifásítì tó ni ín kéde pé àwọn máa kó kúrò nínú ilé náà torí owó àtúnṣe ẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó dun ìlú gan-an.

Ṣùgbọ́n kí n tó gbọ́ ìyẹn, ìyàwó mi ti sanwó ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan fún mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí. Àwọn èèyàn mi, mo gbé ọ̀pá yẹn! Ó wúwo. Ooru ojú iléru bí ẹni gbá yín létí, ó lé ní 1,000 ní ìwọ̀n Celsius. Wọ́n ní kí n máa yí i, mo ń yí i. Olùkọ́ béèrè ibi tí mo ti wá, mo gbójú sókè láti dá a lóhùn. Nígbà tí mo máa fi wolẹ̀, dígí mi ti fì bí etí ajá. Ó bá mi tún un ṣe títí, a fi di ohun kan tí a lè fi tẹ bébà mọ́lẹ̀. Ó dà bí ẹ̀kọ tí wọ́n jókòó lé. Orí tábìlì mi ló wà báyìí, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ kejì la tó lọ gbà á, torí ohun tí ojú ò rí nìyí: dígí tó bá tutù lójijì, á fọ́ fúnra ẹ̀. Awọ ẹ̀ á ti le, inú ẹ̀ á ṣì gbóná, méjèèjì á máa fa ara wọn ya. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé e sínú ààrò kan tí kò gbóná tó iléru, tí wọ́n á wá máa dín ooru ẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Èyí tó bá tóbi gan-an lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí mọ̀ pé ìgbà tí wọ́n bá kàn án kúrò lẹ́nu ọ̀pá, tí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ ń sáré gbé e lọ sínú ààrò, ìgbà yẹn gan-an ni ewu wà. Olùkọ́ mi sọ fún wa pé kò sí ọ̀sẹ̀ tí tòun kì í fọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ máa sunkún, omi ojú ò ní tó. Obìnrin yẹn ò fi Màmá ṣẹ̀rín o.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Àjàní, o ti ṣàlàyé ohun tí mo ń wá láti àárọ̀. Ohun tí à ń kí oníṣẹ́ kì í ṣe ohun tí ọwọ́ ẹ̀ ń ṣe, ewu tó wà nínú iṣẹ́ ẹ̀ ni. Ewu alágbẹ̀dẹ wà nínú rírọ. Ewu ti àwọn wọ̀nyí wà nínú gbígbé e dé ààrò. Mo dá a lábàá: "Ààrò á gbà á o!"

Ìyàwó Bida

Háà! Ìyẹn dùn.

Akin Surulere

Kí ni wọ́n á fi dáhùn?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

"Kò ní bọ́." Kí lo tún ń fẹ́?

Délé Houston

Mo gbà. Ó tilẹ̀ dùn ju Àfọnyè lọ. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Tacoma

Mo ti sọ ọ́ fún Màámi. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹta láti gbọ́ bó ṣe dún lẹ́nu: Ààrò á gbà á o, ààrò á gbà á o. Wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n ó gùn ju àrọyè lọ, ẹni tó gbé nǹkan gbígbóná lọ́wọ́ ò ráyè gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní ká padà lọ ní Sátidé tó ń bọ̀ kí àwọn lọ dán an wò. Ẹ̀yin ẹ gbà mí, ẹni tó ní òun ò lè sanwó wo ìgò!

Wọ́n wá ní kí n bi Àjàní: àfọ́kù ìkòkò búlúù yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n máa dà á padà sínú iléru, bíi ti Bida?

Àjàní Sunderland

Ẹ bá mi dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Tó bá jẹ́ funfun tí kò láwọ̀ kankan, wọ́n lè dà á padà. Aláwọ̀, rárá mà. Á ba èyí tó mọ́ nínú iléru jẹ́, gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe lọ́jọ́ kejì á ní àbààwọ́n búlúù. Níbi tí mo ti kọ́ ọ, inú garawa irin ni wọ́n ń gbá a sí, wọ́n á lọ dà á nù.

Ìyá Ìbejì Tacoma

Mo kà á fún wọn.

Wọ́n ní, dà á nù? Búlúù yẹn?

Wọ́n ní tí a bá débẹ̀ ní Sátidé, kí n bá àwọn bẹ obìnrin yẹn kó ṣa díẹ̀ fún àwọn nínú garawa, àwọn máa dì í sínú gèlè gbé e lọ sílé. Mo ní ẹrù yín ti pé kílò 23 mà, méjèèjì. Wọ́n ní kí n yọ ọṣẹ ìfọṣọ tí mo rà fún àwọn.